Ẹja Ẹ̀pẹ́ àti Bíà Bẹ́ljíọ̀mù: Èwo Ni Kí Ẹ Ṣí?

Bíà Bẹ́ljíọ̀mù kì í pọ̀ lọ́wọ́ ẹni ní Ẹ̀pẹ́. Bóyá ọmọ yín ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, bóyá ẹ rà á nínú sọ́ọ̀bù ńlá kan lọ́nà Lẹ́kí, ìgò kan tàbí méjì ló sábà máa ń jẹ́, owó rẹ̀ sì wúwo. Bíà tiwa, téèyàn bá mu èyí tí kò bá a lára mu, á kàn ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Èyí tí mo ń sọ yìí, bẹ́ẹ bá ṣì í yàn, ó di ìgbà tí ẹnìkan bá tún ti ìrìn àjò dé.

Ohun méjì ni mo rí i pé àwọn ènìyàn wa fi ń yàn án: àwọ̀ rẹ̀, àti nọ́ńbà ara ìgò tó ń sọ bí ọtí náà ṣe le tó. Àwọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá, nọ́ńbà náà kò sì sọ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó ń mu Guinness á na ọwọ́ sí èyí tó dúdú, á rò pé ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ń mu Star á mú èyí tó mọ́lẹ̀, á ní ìyẹn ló máa fúyẹ́. Àwọn méjèèjì ló máa yà lẹ́nu.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wé ara wọn: Duvel, Westmalle Tripel, Westmalle Dubbel àti Rochefort 10. Mo fi Star àti Guinness ìgò ńlá ṣáájú wọn kí ẹ lè rí ohun tí ẹ mọ̀ fi díwọ̀n. (Ẹ̀pẹ́ kún fún Mùsùlùmí tí kì í fi ẹnu kan ọtí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n, kí wọ́n má bínú sí wa.)

| Ọtí | Ìwọ̀n ìgò | Agbára rẹ̀ nínú 100 | Ọtí pọ́ńbélé inú ìgò kan |
|---|---|---|---|
| Star | 60 cl | 5.1 | bíi 31 ml |
| Guinness Foreign Extra Stout | 60 cl | 7.5 | 45 ml |
| Westmalle Dubbel | 33 cl | 7 | bíi 23 ml |
| Duvel | 33 cl | 8.5 | bíi 28 ml |
| Westmalle Tripel | 33 cl | 9.5 | bíi 31 ml |
| Rochefort 10 | 33 cl | 11.3 | bíi 37 ml |

Ẹ wo apá ọ̀tún dáadáa. Nínú gbogbo àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù yìí, kò sí ọ̀kan tí ìgò rẹ̀ gbé ọtí tó Guinness ńlá tí àwọn bàbá wa ń mu tán kí wọ́n tó dìde nídìí ayò. Tripel kan dọ́gba pẹ̀lú Star ńlá kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kì í ṣe pé ọtí wọ̀nyí á gbé yín ṣubú lójijì. Ìgò rẹ̀ kékeré ni, èyí ló ń fa wàhálà: ọwọ́ tó ti mọ́ 60 cl lára á mu 33 cl tán kó tó jókòó dáadáa, á sì béèrè ìkejì àti ìkẹta. Ẹni tó bá mu Duvel mẹ́ta láàárín wákàtí kan ti mu Star ńlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́ta, inú rẹ̀ kò sì ní kún tí ì bá fi sọ fún un pé ó tó.

Duvel àti Star: àwọ̀ kan náà, ìwà ọ̀tọ̀

Ilé iṣẹ́ Moortgat ní abúlé Breendonk ló ń pọn Duvel. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1871. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ọtí yìí jáde, Victory Ale ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè é kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1923. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń pọn ọ́n, láti Scotland ni wọ́n ti mú un wá.

Bẹ́ẹ bá dà á sínú ife, ẹ lè rò pé Star ni: ó mọ́ kedere, ó ń dán. Ìhó orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti Star á ti lọ kí ẹ tó bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ tán. Ti Duvel á ga, á nípọn, á dúró síbẹ̀. Ní ẹnu, gáàsì rẹ̀ ń ta ahọ́n, òórùn èso bíi píà òyìnbó (kì í ṣe píà ọlọ́ràá tiwa) á gba inú imú, ìkorò díẹ̀ á sì wá lẹ́yìn ọ̀fun. Kò fi adùn kankan lẹ̀ mọ́ ètè. Ọtí 8.5 ni, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní gbọ́ ìjóná ọtí nínú rẹ̀, àfi bó bá ti gbóná.

Ṣúgà ló fà á, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yan bíà Bẹ́ljíọ̀mù, torí òun ni ìdí gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ṣúgà kún omi báálì náà kí wọ́n tó jẹ́ kó kan. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé ọtí náà á dùn. Rárá. Ìwúkàrà kì í jẹ gbogbo adùn tó wá láti ara báálì tán, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ṣúgà lásán láìṣẹ́ kù, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Ohun tó kù ni bíà tó le, tó sì fúyẹ́ lẹ́nu. Bí ẹmu ni: èyí tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì ti gbóná sí i lára, torí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀. Kódà ọ̀kan náà ni ìwúkàrà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù lọ nínú ẹmu àti nínú bíà wọ̀nyí. Saccharomyces cerevisiae ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Oúnjẹ tó yẹ Duvel ni ohun tí wọ́n dín. Ẹ ra ẹ̀pìyà tútù ní ọjà Olúwo, ẹ fi iyọ̀ pa á, ẹ dín in kó gbẹ ní etí, kí ata rẹ̀ má pọ̀. Gáàsì Duvel á fọ òróró kúrò lẹ́nu, ìkorò rẹ̀ á jẹ́ kí iyọ̀ ẹja náà dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sún mọ́ pẹ́pẹ́súùpù ẹja àrọ̀ tí ata rodo ti pa pọ́n. Ọtí líle àti gáàsì ń mú kí ata jó ahọ́n sí i ni, wọn kì í pa á. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ìjìyà bẹ́ẹ̀. Fún irú wọn, Star tútù ṣì dára ju Duvel lọ, owó rẹ̀ sì kéré.

Westmalle Tripel: èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣí

Westmalle jẹ́ ilé àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà, kò jìnnà sí Antwerp. Àwọn mọ́ńkì náà ló gbé Tripel jáde ní 1934, wọ́n sì tún un ṣe ní 1956. Bí ẹ ṣe ń mu ún lónìí nìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lágbàáyé ló sì ti fi í ṣe àwòkọ.

Wúrà ni àwọ̀ rẹ̀, ó sì ṣókùnkùn ju Duvel lọ díẹ̀. Èyí ni ọ̀kan tí ẹ máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ife tó kan ẹnu: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, èèpo ọsàn, àti nǹkan kan tó jọ kànáfùrù. Kò sẹ́ni tó fi kànáfùrù sí i o. Ìwúkàrà wọn ló ń ṣe òórùn náà fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tó móoru, yàtọ̀ sí ti Star àti Gulder tí wọ́n ń pọn níbi tó tutù, tí ìwúkàrà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú òórùn kankan jáde. Lẹ́yìn òórùn yìí, ó kún ẹnu ju Duvel lọ, ó dùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ó korò, ìkorò náà sì pẹ́.

Ìkorò yìí ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn tó ń mu Guinness pé Tripel ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dúdú. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú Guinness kì í ṣe dúdú rẹ̀. Ìkorò rẹ̀ ni, àti bó ṣe ń kún ẹnu. Méjèèjì wà nínú Tripel. Ohun tí wọn kò ní bá níbẹ̀ ni òórùn báálì yíyan.

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo máa ń gbé síwájú rẹ̀. Ẹja gbígbẹ, epo pupa, ewùrà tó rọ̀ nínú ikòkò: oúnjẹ tó wúwo bẹ́ẹ̀ máa ń bo Duvel mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Tripel lè dá a lóhùn. Ìgbín náà bá a mu, bí ata rẹ̀ kò bá le jù. Bí àlejò bá wà nílé, ẹ pín ìgò kan sí méjì, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìdajì ìgò náà tó láti fi jẹun.

Duvel tàbí Tripel? Ọ̀sán tí oòrùn ń mú, tí ẹ jókòó sí etí ọ̀sà: Duvel. Tí oúnjẹ bá ti wà nílẹ̀, tí ilẹ̀ sì ti ń tutù: Tripel. Ẹni tí kò bá fẹ́ òórùn èso nínú bíà rárá kò ní fẹ́ Tripel, kí ó má fi owó rẹ̀ dánwò.

Àwọn dúdú méjì: Dubbel àti Rochefort 10

Báálì tí wọ́n yan títí ó fi dúdú bí èédú ló sọ Guinness di dúdú, òun náà ló fún un ní ìkorò kọfí. Ti Bẹ́ljíọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà tí wọ́n sè títí tó fi di pupa rúsúrúsú, àti báálì tí wọ́n yan díẹ̀, ló fún Dubbel ní àwọ̀ rẹ̀. Adùn tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ jẹ́ ti dàbínù àti ṣúgà jíjóná. Mo ti rí ojú àwọn ọkùnrin tó ń mu Guinness nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ní "kí ló dé tó ń dùn?" Bí ẹ bá ń wá Guinness tó le sí i, ẹ kò ní rí i níbí. Legend wà ní títì, ẹ mu ún.

Ẹni tó bá ti mọ̀ pé adùn ni òun ń wá, Dubbel á tẹ́ ẹ lọ́rùn gan-an. 1856 ni Westmalle ti ń pọn ọtí dúdú, 7 péré sì ni agbára rẹ̀, kò tó Guinness. Òun ni mo máa fún ẹni tí kì í mu ọtí púpọ̀, ìyàwó ilé tó fẹ́ràn máàtì, tàbí àgbàlagbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ògógóró (dókítà rẹ̀ lè má gbà pẹ̀lú mi). Ẹ gbé àsun sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ọ̀yà tí wọ́n fi èéfín gbẹ. Ara ẹran tó ti jóná díẹ̀ lórí iná bá ṣúgà jíjóná inú Dubbel mu. Ìbátan ni wọ́n.

Rochefort 10 jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ilé mọ́ńkì Saint-Rémy ní Rochefort ló ń pọn ọ́n, ibẹ̀ sì ti ní ilé ìpọntí láti 1595. Ó dúdú, ó nípọn, kì í ṣe ohun téèyàn ń fi òùngbẹ pa. Dàbínù, ṣokoléètì, ata ilẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ooru tó ń sọ̀kalẹ̀ sí àyà. 11.3 rẹ̀ kò fi ara pamọ́ bíi ti Duvel, ó ń sọ fún yín pé òun wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn òtítọ́ rẹ̀ yẹn. Ẹ jẹun tán kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan jẹ pẹ̀lú rẹ̀, dòdò tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n jù, tí eèpo rẹ̀ ti ń dúdú, kò sí ohun tó tún dára jù ú lọ. Ẹja kankan kò bá a rìn. Mo ti rí ẹni tó fi í jẹ edé, ìyà ló fi jẹ edé náà.

Bí ẹ kò bá rí Rochefort, Chimay tó ní bébà aláwọ̀ búlúù lára wà ní ìtòsí rẹ̀. 9 ni agbára rẹ̀. Ọtí Kérésìmesì ni nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1948. Kò nípọn tó Rochefort, ó sì rọrùn láti mu.

Àwòrán mọ́ńkì lára ìgò

Kì í ṣe gbogbo ìgò tí wọ́n ya mọ́ńkì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì sí ló wá láti ilé mọ́ńkì. Èyí tó bá jẹ́ ti Trappist (orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ńkì Àgùdà kan) lóòótọ́ ní àmì onígun mẹ́fà tí wọ́n kọ "Authentic Trappist Product" sí. Ẹgbẹ́ tó ń fún wọn ní àmì náà bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ohun tí àmì náà túmọ̀ sí ni pé inú ọgbà ilé mọ́ńkì ni wọ́n ti pọn ọ́n, àwọn mọ́ńkì ló ń bójú tó o, èrè rẹ̀ sì ń lọ sí ìtọ́jú ilé wọn àti iṣẹ́ àánú. Westmalle, Rochefort àti Chimay ní in.

Leffe kò ní in. Leffe Blonde, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 6.6, jẹ́ ti AB InBev, ilé iṣẹ́ ńlá tó fi ìlú Leuven ṣe ibùjókòó. Àwọn kan náà ló ni International Breweries tó ń pọn Trophy fún wa níbí, nítorí náà ẹni tó ń mu Trophy ti ń náwó fún Bẹ́ljíọ̀mù tipẹ́. Mi ò sọ pé Leffe kò dára. Ó dùn, ó rọrùn, ó sì dára fún ẹni tó ń bẹ̀rù Tripel. Ṣùgbọ́n bí owó rẹ̀ bá sún mọ́ ti Westmalle, ẹ má dá ara yín lóró.

Àwọn tó ń gbé ní Àríwá Amẹ́ríkà lè kó irú bíà Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ń pọn níbẹ̀ wá fún yín. La Fin du Monde ti ilé iṣẹ́ Unibroue ní Quebec ni mo máa ní kí wọ́n wá. Tripel ni, 9 ni agbára rẹ̀, ó sì dùn ju ti Westmalle lọ díẹ̀. Allagash ní ìpínlẹ̀ Maine náà ń pọn Tripel. Kò sí ìtìjú nínú pé wọn kì í ṣe ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ àti bí ẹ ṣe máa dà á

Ìwúkàrà wà láàyè nínú ọ̀pọ̀ ìgò wọ̀nyí, torí wọ́n máa ń jẹ́ kí ọtí náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé e. Ibẹ̀ ni gáàsì rẹ̀ ti ń wá, òun ló sì fa gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìgò. Bí ìgò náà bá ti fo kòtò ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ kó dúró lórí ìdí rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣí i, àfi bẹ́ẹ bá fẹ́ fi ìhó fọ ògiri.

Ooru ń ba bíà jẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà sì ń sọ òórùn rẹ̀ di burúkú. Ẹ má gbé e sórí fíríìjì, ibẹ̀ gbóná ju bí ẹ ṣe rò lọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn nínú yàrá tí kò gbóná dára ju ojú fèrèsé lọ, ní pàtàkì nígbà tí iná bá ń ṣe ségesège. Bí ẹ bá ń rà á níbí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí wọ́n ní kó má kọjá kí wọ́n tó mu ún, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí nínú sọ́ọ̀bù. Ìgò tó ti pẹ́ nínú fèrèsé tí oòrùn ń pa, ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ dín owó rẹ̀ kù.

Ẹ má mu ún ní tútù jìnnìjìnnì bíi Star. Òtútù líle ń pa òórùn, òórùn sì ni ìdajì ohun tí ẹ san owó fún. Duvel lè tutù dáadáa. Ẹ gbé Tripel kúrò nínú fíríìjì díẹ̀ ṣáájú oúnjẹ. Rochefort ń fẹ́ kó móoru ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 12 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Pẹ̀lú ooru tiwa, kò ní pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Yìnyín nínú ife, ẹ jọ̀wọ́, rárá.

Ilé iṣẹ́ Duvel ní ife tirẹ̀ tí wọ́n fín lẹ́tà D sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú, kí gáàsì lè máa gòkè láti ibẹ̀. Bí ẹ kò bá ní in, ife wáìnì tó fẹ̀ nídìí tó sì súnkì lẹ́nu ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó ń kó òórùn jọ. Ẹ dà á ní ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, ní ìtẹ̀síwájú kan láì dá ọwọ́ dúró, kí ẹ sì fi ohun tó tó ìka kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ má bàa wọ inú ife. Kò ní pa yín bẹ́ẹ bá mu ún. Ó korò díẹ̀, ó sì lè da inú ẹlòmíràn láàmú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mu ẹmu láti kékeré ti mu gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ju èyí lọ.

Bó bá jẹ́ méjì lẹ ní lọ́wọ́, Tripel àti ọ̀kan nínú àwọn dúdú, Tripel ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Adùn èyí tó dúdú máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, bó bá ṣáájú, ìkorò Tripel á wá dà bí omi egbò igi.